Ẹ̀kọ́ Ìgbà Òjò: Bí Ó Ti Yẹ Kí A Máa Wo Ẹyẹ, Kòkòrò àti Ewéko Àgbègbè Wa

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí oṣù Karùn-ún bá ń parí lọ tí oṣù Kẹfà sì ń wọlé, ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ni ó jẹ́ fún wọn. Òdòdó a yọ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ẹyẹ a máa kọrin láti àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn olùkọ́ a sì máa kó ọmọ ilé-ìwé jáde lọ sí pápá láti wo iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kọ́ wa ní ilé-ìwé ni ó sọ̀rọ̀ nípa àkókò yìí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Oǹdó bá tẹ̀lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ láì yí i padà, yóò máa wá ohun tí kò sí ní ilẹ̀ wa, yóò sì fi ojú fo èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ní oṣù wọ̀nyí kan náà, òjò ni ó ń rọ̀ níhìn-ín. Kò sì sí àkókò mìíràn nínú ọdún tí igbó àti pápá wa ní ohun púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti fi hàn wá.

Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí sí orí ọ̀ràn náà. Àwọn àgbà wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa kò ju èyí lọ: pé kí a wo ohun tí ó wà ní àyíká wa, kí a mọ orúkọ rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kì í mọ ìgbà tí ó sọnù.

I. OHUN TÍ ÒJÒ Ń ṢE

Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ilẹ̀ a gbẹ, ọyẹ́ a dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá a sì fi ara pamọ́. Ìgbín a wọ abẹ́ ewé gbígbẹ tàbí inú ilẹ̀, a fi ohun funfun bí awọ dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, a sì wà bẹ́ẹ̀ láì jẹ, láì mu, títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, ohun gbogbo a bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀.

Ṣáájú, ilẹ̀ a rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, irúgbìn a hù, àwọn igi tí ó wọ́ ewé sílẹ̀ a sì rú ewé tuntun. Ewé tuntun rọ̀ ju ewé àtijọ́ lọ, nítorí náà kòkòrò a jẹ ẹ́, wọn a sì pọ̀ sí i. Nígbà tí kòkòrò bá pọ̀, àwọn ẹyẹ a rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ wọn. Nítorí ìdí èyí ni púpọ̀ nínú wọn ṣe ń kọ́ ìtẹ́ ní àkókò yìí. Omi a dúró nínú kòtò, ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré a sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá jáde nínú ẹyin náà a ní ìrù, a kò ní ẹsẹ̀, a sì máa mí nínú omi bí ẹja, kí ó tó di pé ó yọ ẹsẹ̀, tí ó sì gòkè. Olùkọ́ tí ó bá fi ẹyin díẹ̀ sínú ìgò fífẹ̀ pẹ̀lú omi kòtò kan náà, lè fi èyí han àwọn ọmọ ilé-ìwé láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sì dá wọn padà sí ibi tí ó ti bù wọ́n.

Ẹ fetí sí ẹlúlùú pẹ̀lú. Ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí ìrù rẹ̀ gùn yìí a máa ké láti inú igbó ṣúúrú, ohùn rẹ̀ a sì máa ró bí ìgbà tí omi ń tú jáde láti ẹnu agbè. Àwọn baba wa sọ pé òun ni ó ń pe òjò, wọ́n sì fi kún un pé ẹlúlùú tí ó pe òjò, ara rẹ̀ ni òjò yóò pa. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọjọ́ tí ó ké sílẹ̀ àti ọjọ́ tí òjò rọ̀, kí àwọn tìkára wọn lè wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

II. ÈSÚNSÚN ÀTI OLÚ

Kò sí ọmọ tí kò mọ èsúnsún tí í jáde lẹ́yìn òjò tí í sì yí àtùpà ká. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ léèrè pé níbo ni ó ti wá? Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ọmọ ilé kan náà ni ikán tí ó ń jẹ igi òrùlé àti èsúnsún tí wọ́n ń yan jẹ. Nínú ọ̀gán, òṣìṣẹ́ wà, ọmọ-ogun wà, ọba àti ayaba sì wà. Ayaba nìkan ni ó ń yé ẹyin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ọjọ́ kan, ara rẹ̀ a sì wú títí kò fi ní lè rìn mọ́. Nígbà tí òjò bá ti rọ ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a la ihò sí ara ọ̀gán, àwọn ọmọ-ogun a dúró ṣọ́ ọ, àwọn oníyẹ̀ẹ́, akọ àti abo, a sì tú jáde. Wọn kì í fò jìnnà. Wọn a bọ́ sí ilẹ̀, wọn a gé ìyẹ́ wọn dànù, akọ kan àti abo kan a sì máa tẹ̀lé ara wọn títí wọn yóò fi wa ihò kékeré kan. Ihò náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gán tuntun. Ẹyẹ, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́ àti ènìyàn a jẹ èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Díẹ̀ ni ó ń yè. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé wọn kì í jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá pọ̀ ju ohun tí àwọn ọ̀tá lè jẹ lọ, àwọn kan yóò ṣẹ́ kù.

Ohun mìíràn tí ó yani lẹ́nu ni pé àgbẹ̀ ni àwọn ikán tí ń mọ ọ̀gán ńlá wọ̀nyí. Wọ́n ń kó igi àti ewé gbígbẹ wọlé, wọ́n sì ń gbin irú olú kan sí orí rẹ̀ nínú ihò wọn; olú náà ni ó ń sọ igi líle di oúnjẹ tí ó rọ̀. Nígbà tí òjò bá pọ̀, olú yìí a yọ orí jáde láti inú ilẹ̀, òun ni a sì ń rí ní ara ọ̀gán tí a ń ká. Bí a bá wó gbogbo ọ̀gán tí ó wà ní àdúgbò kan, olú rẹ̀ pẹ̀lú yóò lọ. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níhìn-ín: olú tí ń pa ènìyàn wà, òmíràn nínú wọn sì jọ èyí tí a ń jẹ. Kí ọmọ ilé-ìwé kankan má ṣe tọ́ olú wò. Kí ó wò ó, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀.

III. ẸYẸ Ẹ̀GÀ

Bí igi ọ̀pẹ tàbí igi ńlá kan bá wà ní ìtòsí ilé-ìwé, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gà wà níbẹ̀, a kò sì mọ ẹyẹ tí ó dára jù ú lọ fún ẹ̀kọ́, nítorí kì í bẹ̀rù ènìyàn. Akọ rẹ̀ ní ìgbà yìí jẹ́ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, orí rẹ̀ sì dúdú. Abo kò ní ẹwà tó bẹ́ẹ̀. Akọ ni ó ń hun ilé. Yóò fi ẹnu gé etí imọ̀ ọ̀pẹ, yóò di ibi tí ó gé mú, yóò sì fò lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ewé náà yóò fi ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ rẹ̀ bí okùn. Yóò kọ́kọ́ hun òrùka kan tí yóò dúró nínú rẹ̀. Láti inú òrùka yìí ni yóò ti hun iyàrá sí iwájú, yóò sì kọ ẹnu ọ̀nà sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ó bá parí, yóò so rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà náà, yóò máa gbọn ìyẹ́ rẹ̀, yóò sì máa pariwo láti pe abo. Abo yóò wọlé, yóò yẹ iṣẹ́ wò, yóò sì fi ẹnu fa okùn rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tẹ́ koríko múlọ́múlọ́ sínú rẹ̀, yóò sì yé ẹyin. Bí ilé náà bá pẹ́ tí kò sí abo tí ó gbà á, tí ewé rẹ̀ sì ti gbẹ, akọ tìkára rẹ̀ ni yóò tú u ká tí yóò sì hun òmíràn sí ipò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ akọ kì í kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n hun. Iṣẹ́ wọn a rí wúruwùru, nípa títún un ṣe léraléra ni wọ́n sì ń di ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ìwé kíkọ́ sú gbọ́ èyí.

Ọ̀tá kan wà fún ẹ̀gà. Ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí bàbà tí ó ní àwọ̀ ewé, tí ó jẹ́ ìbátan ẹlúlùú, kì í kọ́ ilé rárá. Inú ilé ẹ̀gà ni ó ń yé ẹyin sí, kí ẹ̀gà lè bá a tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá ti fún ẹ̀gà ní ààbò. Ẹyin abo kan kò jọ ti èkejì: ti òmíràn funfun, ti òmíràn ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn ní tótòtó, òmíràn kò ní. Abo kọ̀ọ̀kan mọ ẹyin tirẹ̀, bí ó bá sì rí èyí tí kò jọ ọ́, yóò gbé e sọ nù.

A mọ̀ pé àgbẹ̀ kò fẹ́ràn ẹ̀gà, nítorí ó ń já imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì ń jẹ àgbàdo. Ẹjọ́ náà tọ́. Síbẹ̀, kí a mọ ìwà ẹni tí a ń bá jà sàn ju kí a máa sọ òkò lù ú láì mọ̀ ọ́n.

IV. ALÁPÀǸDẸ̀DẸ̀ ÀTI ÌRÌN ÀJÒ RẸ̀

Alápàǹdẹ̀dẹ̀ tí a ń rí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn kan jẹ́ onílé: wọ́n ń fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ sí abẹ́ òrùlé wa nígbà tí òjò bá sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ àlejò: wọ́n ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá nígbà tí òtútù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ ní nǹkan bí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní ìgbà tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, inú abà àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn. Ìgbà ooru tiwọn àti ìgbà òjò tiwa, ẹyẹ kan ni ó so ó pọ̀.

Báwo ni a ṣe mọ èyí? Ní ọdún 1909 ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi òrùka kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí sí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1911, agbẹjọ́rò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Masefield fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ alápàǹdẹ̀dẹ̀ kan ní ilé rẹ̀ ní Staffordshire. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1912, a mú ẹyẹ náà nínú ilé kan ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà, ibi tí ó jìnnà ju 9,000 kìlómítà lọ. Ẹni tí ó rí i ka ohun tí a kọ sí òrùka, ó sì kọ lẹ́tà. Ènìyàn méjì ni wọ́n jẹ́: ọ̀kan kọ ọjọ́ sílẹ̀, èkejì kò sọ òrùka náà nù. Nípa bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé fi mọ ibi tí alápàǹdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ.

V. ORÚKỌ EWÉKO JẸ́ ÌWÉ TÍ ÀWỌN BABA WA KỌ

Àwọn baba wa kò fi òrùka sí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ṣùgbọ́n wọ́n wo nǹkan fínnífínní, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí pamọ́ sínú orúkọ. Ẹ wo igi kékeré kan tí a ń pè ní asofẹ́yẹjẹ. Orúkọ náà sọ fún wa pé ó ń so fún ẹyẹ láti jẹ. Ẹni tí ó bá sì dúró tì í nígbà tí èso pupa rẹ̀ pọ́n yóò rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni. Orúkọ náà kò sọ pé ó so fún ènìyàn, nítorí igi náà lágbára: inú rẹ̀ ni oògùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní reserpine wà, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè ṣe ènìyàn ní ibi bí a bá mu ún láì mọ ìwọ̀n.

Ojú ológbò ni a ń pe ìtàkùn tí èso rẹ̀ pupa tí ó ní ojú dúdú kan. Ó dára láti wò, àwọn ọmọ a sì máa fi ṣeré, ṣùgbọ́n májèlé tí ó burú wà nínú rẹ̀ bí a bá rún un lẹ́nu tí a sì gbé e mì. Patanmọ́ ni èyí tí í pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fi ọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ní ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ Yorùbá tí ó bá ìwà rẹ̀ mu ni a fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tí ó gba ẹ̀bá ọ̀nà àti oko ìgbà kan, tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí a máa ń fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nǹkan bí ọdún 1937 ni ó wọ Nàìjíríà, nígbà tí irúgbìn rẹ̀ bá irúgbìn igi Gmelina wá láti Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí. Àwọn ènìyàn rí i pé àlejò ni, wọ́n sì fi orúkọ àwọn gbajúmọ̀ olóṣèlú ìgbà náà pè é. Bí ìwé kankan kò tilẹ̀ sí, orúkọ yìí ìbá sọ fún wa pé ewé náà kì í ṣe ti ayé àwọn baba ńlá wa.

Nísinsìnyí, ẹ bi ọmọ ilé-ìwé kan léèrè orúkọ ewé mẹ́wàá tí ó wà láàrin ilé rẹ̀ àti ilé-ìwé. Bí ó bá lè dárúkọ mẹ́ta, ẹ yìn ín. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Kò sí ẹni tí ó fi hàn án. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn àgbà tí ó ní àkísà yìí sì ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ tí ó wà lẹ́nu wọn.

VI. ẸYẸ TÍ KÒ SÍ NÍ IBÒMÍRÀN

Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ni ó kù láti rí ní àgbègbè wa tí a kò ì tíì rí?" A ó fi ìtàn kan dá a lóhùn. Ìlú Ìbàdàn tóbi, ènìyàn inú rẹ̀ pọ̀, yunifásítì sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1948. Síbẹ̀, títí di ọdún 1958, ẹyẹ kan wà nínú igbó àgbègbè náà tí a kò tíì kọ sínú ìwé àwọn onímọ̀ kankan ní gbogbo ayé. Ìbátan ẹ̀gà ni, ó dúdú, orí àti àyà akọ rẹ̀ sì pupa. J. H. Elgood, tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì náà, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún yẹn, a sì fi orúkọ Ìbàdàn sọ ọ́: Malimbus ibadanensis.

Ẹyẹ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ti ń kọjá láti ìran dé ìran. Ìgúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé, kò sì sí ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n ti kà á nísinsìnyí mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó wà nínú ewu àti parẹ́, nítorí pé igbó tí ó ń gbé ti di oko àti ilé. Ọ̀kan nínú ibi tí ó ṣì wà ni igbó tí ó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà tí àwọn IITA dá sí ní Ìbàdàn. Bí ó bá parẹ́ ní ilẹ̀ wa, ó parẹ́ ní ayé nìyẹn. Kò sí ibi tí a ó ti lọ mú irú rẹ̀ wá. Ta ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀, bí kò ṣe àwa tí a jọ ń gbé?

VII. BÍ A Ó TI ṢE É

Kò gba owó. Ìwé àjákọ kan, pẹ́ńsù kan àti sùúrù ni ó gbà. Kí olùkọ́ yan ibi kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ igi kan tàbí kòtò omi kan ní ẹ̀yìn ilé-ìwé, kí ó sì kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje. Ó sàn kí a lọ sí ibi kan ní ìgbà mẹ́wàá ju kí a lọ sí ibi mẹ́wàá ní ẹ̀ẹ̀kan. Kí wọ́n kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀: ọjọ́ àti wákàtí, òjò tàbí oòrùn, ohun tí wọ́n rí, ohun tí ó ń ṣe, àti orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ìlú ẹni tí ó sọ orúkọ náà, nítorí ohun tí ará Ọ̀yọ́ ń pè é lè yàtọ̀ sí ohun tí ará Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì ń pè é.

Kí a má ṣe já ìtẹ́ ẹyẹ. Kí a má ṣe fi ọwọ́ sínú ihò, nítorí ejò ń jáde ní ìgbà òjò. Kí a má ṣe jẹ èso tàbí olú tí a kò mọ̀. Kí a má ṣe ṣa ìgbín kékeré tàbí èyí tí ó ń yé ẹyin. Kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀ kí a tó wọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ fi ń kọ́ ìtẹ́ ní ìgbà òjò?
2. Kí ni ó so èsúnsún, ikán àti olú ara ọ̀gán pọ̀?
3. Báwo ni abo ẹ̀gà ṣe ń mọ ẹyin tirẹ̀ yàtọ̀?
4. Ẹ dárúkọ ewéko mẹ́ta tí orúkọ wọn sọ ìwà wọn, yàtọ̀ sí àwọn tí a ti sọ.
5. Ẹ mú ewé kan tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà kan. Ẹ kọ orúkọ tí ó sọ àti ìlò rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè karùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, òun ni a sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ. Ìwé kò lè dáhùn rẹ̀, àwọn tí ó lè dáhùn rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́.